Ìbáramu Katakata Àlòkù àti Ẹ̀rọ Koríko Gbígbẹ: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Agbára, Àsopọ̀ àti Ìdádúró

1.0 Ìfáàrà

Láti ìgbà tí Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, tí àwọn olùkọ́ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ó ti hàn gbangba pé èdè náà lè gbé ẹrù ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó kù ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ yóò gbà di ẹrù náà tí kò fi ní tú lójú ọ̀nà. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní ọdún 1984, pèsè ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ẹ̀rọ oko kò sí lára ohun tí ìwé náà dá lé. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé inú oko gan-an ni àṣìṣe ọ̀rọ̀ kan ti lè gé ènìyàn lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀ka kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ oko ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀wò, èyí ni bí àgbẹ̀ tí ó ní katakata àlòkù ṣe lè mọ ẹ̀rọ ìgékoríko, ẹ̀rọ ìsákoríko àti ẹ̀rọ ìdìkoríko tí ó bá a mu. Amẹ́ríkà àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ koríko gbígbẹ ti gbilẹ̀, nítorí náà katakata méjì tí ó gbajúmọ̀ ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí ni àpẹẹrẹ yóò dá lé: Ford 8N àti Massey Ferguson 135. Ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ àti ògbufọ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Katakata Massey Ferguson kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ tòkunbọ̀ sì lè dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á láìsí ìwé ìlànà rẹ̀. Bí ìwé náà bá tilẹ̀ wà, èdè òkèèrè ni wọ́n fi kọ ọ́.

Kókó tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé orúkọ tí ó yẹ ẹ̀yà ẹ̀rọ ni èyí tí ó sọ ohun tí ẹ̀yà náà ń ṣe, pàápàá ohun tí ó ń ṣe nígbà tí awakọ̀ bá fẹsẹ̀ tẹ kúlọ́ọ̀ṣì. Ìtumọ̀ tí ó kàn ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìkọ̀ọ̀kan lè dùn létí, kí ó sì ṣi awakọ̀ lọ́nà.

2.0 Iṣẹ́ koríko gbígbẹ àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀

Koríko gbígbẹ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kì í ṣe koríko tí ó kú fúnra rẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Koríko tútù ni, tí wọ́n gé nígbà tí oúnjẹ ṣì pọ̀ nínú ewé àti pòròpórò rẹ̀, tí wọ́n sá sóòrùn, tí wọ́n kó jọ, tí wọ́n sì dì pamọ́ fún ẹran ọ̀sìn. Ní àwọn ilẹ̀ tí yìnyín máa ń bo pápá, òun ni màlúù, àgùntàn àti ẹṣin ń jẹ títí ìgbà òtútù yóò fi kọjá.

Kí wọ́n tó dì í, omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 15 sí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí omi bá ju èyí lọ, ìdì koríko náà yóò bu, yóò sì máa gbóná láti inú wá. Ooru yìí lè pọ̀ dé ibi tí abà yóò fi gbiná láìsí ẹni tí ó ṣáná sí i. Bí òjò bá sì pa koríko tí wọ́n ti gé sílẹ̀, oúnjẹ inú rẹ̀ yóò ṣàn lọ. Nítorí náà, eré ni àgbẹ̀ ń bá òjò sá. Ẹ̀rọ tí ó bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín pápá nítorí pé kò bá katakata mu lè sọ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta di àkìtàn.

Dídì koríko pamọ́ fún ẹran kì í ṣe àṣà àgbẹ̀ Yorùbá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n gígé koríko pamọ́ fún òrùlé jẹ́ àṣà wọn. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́ sì so mọ́ koríko tí wọ́n ń kó wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí iṣẹ́ yìí ń béèrè fi wà nílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́: gé, ṣán, sá, kó jọ àti dì.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín gé àti ṣán ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó ń gé nǹkan ń fẹ́ ohun tí ó gé. Ẹni tí ó ń ṣán igbó kò fẹ́ igbó tí ó ṣán. Ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó ń fẹ́. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó wà láàárín ẹ̀rọ méjì tí àwọn olùra sábà máa ń ṣì mú fún ara wọn.

3.0 Orúkọ àwọn ẹ̀rọ

3.1 Ẹ̀rọ tí ń gé àti ẹ̀rọ tí ń ṣán

Aṣánko ni ẹ̀rọ tí ó ní abẹ wíwúwo tí ń yí lábẹ́ ìdérí irin. Ó máa ń ṣán igbó àti igi kéékèèké, ó sì máa ń já wọn sí wẹ́wẹ́. Ó dára fún títún ilẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò dára fún koríko gbígbẹ, nítorí pé koríko tí ó ti di wẹ́wẹ́ kò ṣe é kó jọ. Bí ògbufọ̀ bá pe aṣánko ní agékoríko, ẹni tí ó ka ìwé rẹ̀ lè ná owó lórí ẹ̀rọ tí kò ní wúlò fún un.

Agékoríko ni ẹ̀rọ tí ń gé koríko lẹ́ẹ̀kan ní ìsàlẹ̀, tí ó sì ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní gígùn rẹ̀. Mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀:

(i) Agékoríko eléyín. Ọ̀pá gígùn ni, tí ó na apá sí ẹ̀gbẹ́ katakata nítòsí ilẹ̀. Abẹ onígun-mẹ́ta tò lé e lórí, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀ láàárín eyín irin tí kò mira, wọ́n sì ń gé koríko bí àlùmọ́gàjí ṣe ń gé aṣọ.

(ii) Agékoríko alágbá. Àgbá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó dúró lóòró, tí abẹ kéékèèké so mọ́ etí ìsàlẹ̀ wọn. Láti òkè ni agbára ti ń wọ inú àgbá náà.

(iii) Agékoríko aláwo. Àwo irin pẹlẹbẹ ni ó tò sórí ọ̀pá kan, tí abẹ kéékèèké so mọ́ etí wọn. Láti ìsàlẹ̀ ni agbára ti ń wọ inú àwo náà.

Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ti àkọ́kọ́ tan mọ́ dòjé. Bí wọ́n bá tẹ̀lé e, tí wọ́n pe ẹ̀rọ náà ní onídòjé, ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ yóò lọ sí ohun èlò tí ó tẹ̀ kọrọdọ. Kò sí ohun tí ó tẹ̀ lára ẹ̀rọ yìí. Eyín ni ó fi ń ṣiṣẹ́, eyín náà ni ó sì máa ń kọ́kọ́ kán, nítorí náà eléyín ni ó yẹ ẹ́.

3.2 Ẹ̀rọ tí ń tẹ̀lé agékoríko

Arúnkoríko ni ẹ̀rọ tí ń fi rólà méjì rún pòròpórò koríko kí omi inú rẹ̀ lè tètè jáde. Wọ́n sábà máa ń kàn án mọ́ agékoríko. Asákoríko ni ẹ̀rọ tí ń fi ọ̀pá irin tín-ín-rín tú koríko ká, tí ó sì ń yí i padà kí oòrùn lè kàn án níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ náà ti ara sísá wá, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá ṣe ń sá èlùbọ́ tàbí aṣọ. Akókoríkojọ ni èyí tí ń kó koríko tí ó ti gbẹ jọ sí ọ̀nà gbọọrọ, adìkoríko ni ó sì ń gbé e láti ibẹ̀ láti dì í.

Ọ̀nà gbọọrọ tí koríko jọ sí yìí nílò orúkọ. Ọ̀wọ́ ti wà fún ẹran àti ènìyàn tí ń rìn pọ̀, ó sì lè rú òye lójú. Ebè koríko ni ó yẹ jù, nítorí pé àgbẹ̀ mọ ebè sí ohun tí ó ga díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, tí ó sì nà lọ láàárín oko.

4.0 Katakata méjì

Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí wọ́n bí ní 1884, ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ ọ̀nà tí katakata ń gbà fi apá mẹ́ta gbé ẹ̀rọ. Ní 1938, òun àti Henry Ford bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí àdéhùn kan, katakata Ford 9N sì jáde ní 1939. Nígbà tí àdéhùn náà fọ́, ilé-iṣẹ́ Ford gbé 8N jáde ní 1947. Ferguson pè é lẹ́jọ́, wọ́n sì parí ẹjọ́ náà ní 1952. Iye 8N tí wọ́n ṣe títí di 1952 ju 500,000 lọ, ìdí nìyẹn tí ó fi ṣì wà ní ọ̀pọ̀ oko kékeré ní Amẹ́ríkà títí di òní.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe katakata Ferguson TE20 ní Coventry láti 1946 títí di 1956. Ilé-iṣẹ́ Ferguson darapọ̀ mọ́ Massey-Harris ní 1953, Massey Ferguson 135 sì jáde ní 1964. Ẹ́ńjìnnì Perkins oníhò mẹ́ta ni ó wà nínú èyí tí ń lo dísù.

Katakata méjèèjì jọ ara wọn ní ìrísí, ìkọ́ alápá-mẹ́ta sì wà lẹ́yìn méjèèjì. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wò wọ́n lè rò pé ohun tí ọ̀kan lè ṣe ni èkejì lè ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e yìí yóò ti fi hàn.

5.0 Ìbéèrè mẹ́rin fún ìbáramu

5.1 Agbára mélòó ni ó wà?

Nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, ipá ni ohun tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fa nǹkan. Agbára ni ìwọ̀n bí iṣẹ́ ṣe ń yára parí. Ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Oríṣi agbára mẹ́ta ni àwọn tí ń ta katakata máa ń dárúkọ: agbára ẹ́ńjìnnì, agbára ọ̀pá àti agbára ìfà. Agbára ẹ́ńjìnnì ni ó máa ń pọ̀ jù, nítorí pé díẹ̀ ń sọnù nínú àpótí jíà kí ó tó dé ọ̀pá, díẹ̀ sì tún ń sọnù lára táyà kí ó tó dé ibi ìfà. Agbára ọ̀pá ni ó kan ẹ̀rọ koríko. Ìpínlẹ̀ Nebraska ṣe òfin ní 1919 pé kí wọ́n máa dán katakata wò kí wọ́n tó tà á níbẹ̀; ìdánwò náà bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ náà ní 1920. Nínú àkọsílẹ̀ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni olùra ti lè mọ agbára tí katakata àtijọ́ ní nígbà tí ó jẹ́ tuntun.

Nínú ìlànà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ oko ti Amẹ́ríkà, ASABE, ìwọ̀n agbára tí agékoríko ń gbà láti ara ọ̀pá fún mítà kan ìbú ibi tí ó ń gé rí báyìí:

Agékoríko eléyín: kílówáàtì 1.2
Agékoríko aláwo: kílówáàtì 5.0
Agékoríko aláwo tí ó ní arúnkoríko: kílówáàtì 8.0

Bí ìbú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mítà 2.1, eyín yóò gba kílówáàtì 2.5, àwo yóò gba 10.5, àwo pẹ̀lú arúnkoríko yóò sì gba 16.8. Agbára-ẹṣin kan kò ju kílówáàtì 0.746 lọ. Bí àgbẹ̀ bá ka agbára ọ̀pá Ford 8N tí ó ti gbó sí agbára-ẹṣin 20, kílówáàtì 15 ni èyí. Eléyín kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba nǹkan kan nínú rẹ̀. Aláwo yóò jẹ kílówáàtì mẹ́rin ó lé díẹ̀ kù fún rírìn, fún òkè gígùn àti fún ibi tí koríko ti ki. Èyí kò tó. Aláwo tí ó ní arúnkoríko ju agbára rẹ̀ lọ pátápátá. Massey Ferguson 135 tí ó ní nǹkan bí agbára-ẹṣin 37 lára ọ̀pá, èyí tí í ṣe kílówáàtì 27.6, yóò fa aláwo náà, ohun púpọ̀ yóò sì ṣẹ́kù fún un.

Adìkoríko tí ń di ìdì kékeré onígun-mẹ́rin ń gba kílówáàtì 2.0, pẹ̀lú kílówáàtì 1.0 fún tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tí ó bá dì ní wákàtí kan. Ẹni tí ó ń di tọ́ọ̀nù 5 ní wákàtí kan yóò lo kílówáàtì 7. Lójú ìṣirò, 8N lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí jẹ́ ìdáméjì-dógba; nígbà tí òòlù inú adìkoríko bá ń gbá koríko, ohun tí ó ń béèrè máa ń ga lójijì, lẹ́yìn náà a tún wálẹ̀. Ìdí mìíràn tún wà tí 8N fi ń ṣòro fún adìkoríko, èyí sì wà ní ìpín 6.0.

5.2 Báwo ni ọ̀pá náà ṣe ń yára yí?

Ìyípo 540 ní ìṣẹ́jú kan ni ìwọ̀n tí àwọn ẹ̀rọ koríko àtijọ́ ń retí. Ọ̀pá tí ó ní ìlà mẹ́fà, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 1⅜, ni ó wà fún un. Ẹ̀rọ kan wà tí ń fẹ́ ìyípo 1000. Ìlà 21 ni ó wà lára ọ̀pá tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀kan bọ èkejì. Ọ̀pá Ford 8N kéré jù, ìbú rẹ̀ kò ju ínṣì 1⅛ lọ, nítorí náà ó nílò àfibọ̀ tí yóò sọ ọ́ di ínṣì 1⅜.

Ìyára ọ̀pá so pọ̀ mọ́ ìyára ìrìn. Bí ọ̀pá 8N bá ń yí bí ó ti yẹ, tí awakọ̀ sì wà ní jíà kìíní, katakata náà ń rin díẹ̀ ju kìlómítà 4 lọ ní wákàtí kan. Kò sí jíà tí ó kéré ju èyí lọ. Níbi tí koríko bá ti ki, awakọ̀ kò lè dín ìrìn kù láìdín ìyípo abẹ kù.

5.3 Báwo ni wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀?

Ọ̀nà méjì ni ó wà. Ọ̀pá ìfà ń fa ẹ̀rọ tí ó ní táyà tirẹ̀. Ìkọ́ alápá-mẹ́ta ń gbé ẹ̀rọ sókè: apá méjì ní ìsàlẹ̀ àti ẹyọ kan lókè. Gẹ́gẹ́ bí ààrò mẹ́ta kì í ti í da ọbẹ̀ nù, ojú ìdè mẹ́ta ni ó mú ẹ̀rọ dúró tí kò fi lè yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ìpele ni wọ́n fi ń pín ìkọ́ náà. Ní ìpele kìíní, pínnì apá ìsàlẹ̀ jẹ́ ínṣì ⅞, ti òkè jẹ́ ínṣì ¾. Ní ìpele kejì, wọ́n jẹ́ ínṣì 1⅛ àti ínṣì 1. Ìpele kìíní ni katakata méjèèjì ń lò. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ìpele kejì sábà máa ń wúwo jù fún wọn.

5.4 Ta ni yóò gbé ta?

Ford 8N kò wúwo ju nǹkan bí kílógíráàmù 1,100 lọ. Agékoríko alágbá lè ju kílógíráàmù 300 lọ, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn katakata ni ó sì ń gbé sí. Bí ìkọ́ bá gbé e sókè, táyà iwájú yóò fúyẹ́. Táyà iwájú ni awakọ̀ fi ń darí, nítorí náà katakata tí iwájú rẹ̀ fúyẹ́ kò gbọ́ràn mọ́. Bákan náà ni adìkoríko tí ó wúwo lè ti katakata kékeré láti ẹ̀yìn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn búréèkì àtijọ́ kò sì lágbára tó láti dá ẹrù méjì dúró.

6.0 Ọ̀pá agbára àti orúkọ rẹ̀

Ìbéèrè mẹ́rin òkè yìí ṣe é fi ìwọ̀n àti nọ́ḿbà dáhùn. Ìbéèrè karùn-ún ni ó fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣòro jù láti túmọ̀: kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pá agbára nígbà tí awakọ̀ bá tẹ kúlọ́ọ̀ṣì?

Àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń lo ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "alààyè" fún ọ̀pá tí kì í dúró bí táyà bá dúró. Bí wọ́n bá tẹ̀lé e ní tààrà, "ọ̀pá alààyè" àti "òkú ọ̀pá" ni yóò jáde ní Yorùbá. Òkú nǹkan ní Yorùbá ni èyí tí kò lè ṣe ohunkóhun mọ́. Ẹni tí ó bá kà pé òkú ni ọ̀pá katakata òun yóò rò pé kò sí ewu níbẹ̀. Òdìkejì ni òtítọ́.

Ọ̀pá Ford 8N ń gba agbára láti inú àpótí jíà, lẹ́yìn kúlọ́ọ̀ṣì. Kúlọ́ọ̀ṣì ń já ẹ́ńjìnnì kúrò lára jíà, ṣùgbọ́n kò já ọ̀pá kúrò lára jíà, kò sì já jíà kúrò lára táyà. Bí aṣánko bá wà lẹ́yìn rẹ̀, tí abẹ wíwúwo ti ń fò yí, tí awakọ̀ sì tẹ kúlọ́ọ̀ṣì nítorí pé ó ti dé etí ọgbà, abẹ náà kò ní dúró lójú ẹsẹ̀. Yóò máa yí ọ̀pá, ọ̀pá yóò máa yí jíà, jíà yóò sì máa yí táyà. Awakọ̀ ti tẹ kúlọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ pátápátá, síbẹ̀ katakata ń lọ síwájú, ó ń ti ọgbà, tàbí ó ń lọ sínú kòtò. Abẹ ni ó ń wa ọkọ̀ ní àkókò náà, kì í ṣe ènìyàn.

Nítorí náà, àwọn orúkọ tí ó ṣeé ṣe nílò àyẹ̀wò kíkún:

(a) Abátáyàdúró. Orúkọ yìí rọrùn, ó sì jọ pé ó tọ̀nà, nítorí pé ọ̀pá náà ń dúró nígbà tí táyà bá dúró. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ṣèlérí ìdádúró. Ohun tí ó ń pa awakọ̀ ni ìgbàgbọ́ pé gbogbo rẹ̀ ti dúró.

(b) Abátáyàyí. Èyí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n oríṣi ọ̀pá mìíràn ni ó ni ín. Àwọn katakata kan wà, Massey Ferguson 135 sì lè wà lára wọn, tí ó ní ipò kan tí ìyípo ọ̀pá ti ń tẹ̀lé ìrìn táyà gan-an. Èyí ni ó yẹ kí ó jẹ́ abátáyàyí.

(d) Abájíàyí. Orúkọ yìí sọ ibi tí ọ̀pá so mọ́, ó sì sọ pé bí ọ̀kan bá ń yí, èkejì kò lè ṣàìyí. Kò ṣèlérí ìdádúró rárá. Òun ni ó yẹ ọ̀pá Ford 8N.

Fún ọ̀pá tí kì í dúró bí táyà bá dúró, ọ̀pọ̀ yóò fẹ́ adádúró, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wà fún ohun tí ó dá wà. Ṣùgbọ́n "dúró" inú rẹ̀ lè mú kí àgbẹ̀ gbọ́ ọ bí ohun tí ń dá ara rẹ̀ dúró. Adáyí kò ní ìṣòro yìí. Ọ̀pá adáyí ni èyí tí ó ní kúlọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, tí ó sì ń yí bí katakata bá dúró pẹ̀lú jíà nínú. Láàárín abájíàyí àti adáyí ni ọ̀pá onípele-méjì wà: bí awakọ̀ bá tẹ kúlọ́ọ̀ṣì dé ìdajì, táyà yóò dúró, ọ̀pá yóò máa yí, bí ó bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní yí ọ̀pá mọ́. Irú kúlọ́ọ̀ṣì yìí wà lára ọ̀pọ̀ Massey Ferguson 135, ṣùgbọ́n kò sí lára gbogbo wọn. Nítorí náà, kí olùra má ṣe gbára lé orúkọ katakata. Kí ó yí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ díẹ̀, láìso ẹ̀rọ kankan mọ́ ọn, láìsí ènìyàn nítòsí ọ̀pá, kí ó fi sí jíà, kí ó sì tẹ kúlọ́ọ̀ṣì dé ibi tí katakata kò ti mira. Bí ọ̀pá bá ṣì ń yí, onípele-méjì ni.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó fi ìdí tí 8N fi ń ṣòro fún adìkoríko hàn. Nígbà tí ebè koríko bá ki níwájú, ohun tí ó yẹ ni kí katakata dúró, kí adìkoríko sì máa gbé ohun tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Lórí ọ̀pá onípele-méjì tàbí adáyí, èyí rọrùn. Lórí abájíàyí, kúlọ́ọ̀ṣì tí ó dá ìrìn dúró ti gba agbára lọ́wọ́ adìkoríko pẹ̀lú, koríko yóò sì há sí i lọ́fun. Apá ìkọ́ 8N náà kò ní gbéra, nítorí pé láti ara ìlà agbára ọ̀pá yìí ni pọ́ǹpù tí ń gbé e sókè ti ń gba agbára.

Fún ewu abẹ tí ń wa ọkọ̀, ìdáhùn wà, ó sì kéré ní owó. Ó jẹ́ àfibọ̀ tí ń jẹ́ kí ọ̀pá yí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ yí ọ̀pá. Gbogbo ẹni tí ó ti gun kẹ̀kẹ́ rí mọ irú rẹ̀: bí ẹsẹ̀ bá dúró lórí pẹ́dà, táyà ẹ̀yìn yóò máa lọ. Firíwíìlì ni àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ń pè é, kò sì sí ìdí láti wá orúkọ mìíràn fún un. Ọ̀rọ̀ àyálò tí iṣẹ́ rẹ̀ ti yé ará ìlú sàn ju ọ̀rọ̀ tuntun tí ó nílò àlàyé lọ. Ọ̀pọ̀ adìkoríko ni ó ti ní firíwíìlì láti ilé-iṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ so aṣánko mọ́ ọ̀pá abájíàyí ni ó gbọ́dọ̀ wò ó dájú. Síbẹ̀, firíwíìlì kò sọ abájíàyí di adáyí. Ohun tí ó ṣe ni pé ó dá katakata dúró. Kò mú kí adìkoríko máa bá iṣẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù lórí ọ̀pá ìsopọ̀, èyí tí ó so katakata pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ìyípo 540 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ ìyípo 9 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí etí agbádá tàbí ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ bá kàn án, yóò ti wé e ní ìgbà mẹ́sàn-án kí ẹni náà tó lè ké. Ìbòrí ọ̀pá ni ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń sọnù lára ẹ̀rọ àlòkù, òun náà sì ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dá padà.

7.0 Àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí

abájíàyí: ọ̀pá agbára tí ń yí pọ̀ pẹ̀lú jíà, tí kúlọ́ọ̀ṣì kò lè yà kúrò lára jíà.
abátáyàyí: ọ̀pá agbára tí ìyípo rẹ̀ ń tẹ̀lé ìrìn táyà.
adáyí: ọ̀pá agbára tí ó ní kúlọ́ọ̀ṣì tirẹ̀.
adìkoríko: ẹ̀rọ tí ń di koríko gbígbẹ.
agbára ọ̀pá: agbára tí ó dé ẹnu ọ̀pá, lẹ́yìn tí díẹ̀ ti sọnù nínú àpótí jíà.
agékoríko: ẹ̀rọ tí ń gé koríko lẹ́ẹ̀kan tí ó sì ń tẹ́ ẹ sílẹ̀.
akókoríkojọ: ẹ̀rọ tí ń kó koríko jọ sí ebè.
arúnkoríko: ẹ̀rọ tí ń rún pòròpórò koríko kí ó lè tètè gbẹ.
asákoríko: ẹ̀rọ tí ń tú koríko ká sóòrùn.
aṣánko: ẹ̀rọ tí ń ṣán igbó, tí ó sì ń já a sí wẹ́wẹ́.
ebè koríko: koríko tí wọ́n kó jọ ní ọ̀nà gbọọrọ kí wọ́n tó dì í.
firíwíìlì: àfibọ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ yí ọ̀pá agbára.
ìkọ́ alápá-mẹ́ta: apá irin mẹ́ta tí katakata fi ń gbé ẹ̀rọ.
onípele-méjì: ọ̀pá agbára tí kúlọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń dá táyà dúró ní ìdajì, tí ó sì ń gba agbára lọ́wọ́ ọ̀pá ní ìsàlẹ̀.

8.0 Ìkádìí

Àyẹ̀wò yìí fi hàn pé agékoríko eléyín, akókoríkojọ àti aṣánko kékeré tí ó ní firíwíìlì ni ó bá Ford 8N mu. Massey Ferguson 135 tí ó ní ọ̀pá onípele-méjì lè fi aláwo àti adìkoríko kún un. Ìdí tí ìyàtọ̀ wọn fi tó bẹ́ẹ̀ kò pin sí iye agbára-ẹṣin nìkan. Ó wà nínú ọ̀nà tí agbára náà ń gbà jáde àti ọ̀nà tí ó ń gbà dúró.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ náà wà níbẹ̀. Kí ó tó sọ ẹ̀yà ẹ̀rọ lórúkọ, ó yẹ kí ó béèrè ohun mẹ́ta: kí ni ẹ̀yà náà so mọ́, kí ni ó ń yí i, kí sì ni ó ń dá a dúró? Lẹ́yìn náà ni kí ó wò bóyá iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá, tàbí ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ ṣe, ti ní ọ̀rọ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó wò kẹ́yìn. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀yà ẹ̀rọ náà ní ilé tirẹ̀, àárín kúlọ́ọ̀ṣì àti abẹ ni ilé náà sì wà.